Orí Ọkọ̀ 5017: Ìtàn Tòkúnbọ̀ Kan Lójú Irin Maine àti Quebec

 

Ìtàn orí ọkọ̀ rélùwéè kan ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sí i lára ni 5017. Ilé iṣẹ́ General Electric ló ṣe é lọ́dún 1979 ní ìlú Erie, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ti lo ọdún 34 lẹ́nu iṣẹ́ kí ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ayé sì gbọ́ ọ, ọjọ́ ọ̀fọ̀ ni. Èèyàn 47 ló kú ní ìlú kékeré kan ní Kánádà tó ń jẹ́ Lac-Mégantic. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé àlòkù tó ti gbó ló fà á. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí ẹ bá bá mi tọ ipasẹ̀ orí ọkọ̀ yìí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é dé ibi tó dúró sí, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

C30-7 ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ọdún 1976 ni General Electric bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó sì ju 1,000 lọ tí wọ́n tà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì onísílíńdà 16 ló wà nínú rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 3,000. Ẹ́ńjìnnì yìí kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ló ń yí. Iná mànàmáná tó bá ti ara jẹnẹrétọ̀ náà jáde ló ń lọ sọ́dọ̀ mọ́tò 6 tó wà nísàlẹ̀, àwọn mọ́tò yìí ló ń yí ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló tún ń yí ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú àgbá, afẹ́fẹ́ yìí ni bíréèkì ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí sọ́kàn. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí afẹ́fẹ́ tuntun mọ́.

Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Burlington Northern ni irú orí ọkọ̀ yìí ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ni, ojú irin rẹ̀ lọ láti Chicago títí dé etí òkun Pàsífíìkì. Èédú tí wọ́n ń wà ní ìpínlẹ̀ Wyoming ni wọ́n fi àwọn C30-7 fà jù lọ, ọkọ̀ tó gùn ju máìlì kan lọ, tọ̀sán tòru. Ní ọdún 1995, Burlington Northern àti Santa Fe para pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn orí ọkọ̀ tuntun tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ti dé nígbà náà, àwọn àgbà sì di ohun tí wọ́n ń tà.

Bí nǹkan ṣe rí lágbo rélùwéè Amẹ́ríkà nìyẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ló wà, tí wọ́n ń ra tuntun. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè kan tàbí ìpínlẹ̀ méjì mẹ́ta, tí wọ́n ń ra èyí tí àwọn ńlá bá ti lò. Orí ọkọ̀ tuntun kan ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ fíìfíì. Ilé iṣẹ́ tó ń kó igi, bébà àti àgbàdo kò lè rí owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. Kò sì sí ìtìjú nínú kí wọ́n ra tòkúnbọ̀. Wọ́n ṣe orí ọkọ̀ dísẹ́lì kí wọ́n lè máa tú u palẹ̀ ni: sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣeé yọ lọ́tọ̀ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, mọ́tò abẹ́ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, gbogbo wáyà rẹ̀ ṣeé fà tuntun. Èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ mẹ́káníìkì tó mọṣẹ́ lè lo 40 tàbí 50 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan tì í lẹ́yìn, ó ṣe pàtàkì sí ìtàn wa. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Wisconsin Central ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Edward Burkhardt ló ṣáájú rẹ̀. Àwọn tòkúnbọ̀ tó kó jọ ni SD45, orí ọkọ̀ onísílíńdà 20 tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ń sá fún torí pé ó ń mu epo jù. Burkhardt rà wọ́n lówó pọ́ọ́kú, ó gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n sì fi wọ́n kó bébà ìpínlẹ̀ náà fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ilé iṣẹ́ náà gbèrú títí Canadian National fi rà á ní 2001. Ní 1999, ìwé ìròyìn Railway Age fi Burkhardt ṣe ọmọ rélùwéè tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà. Orí àlòkù ló kọ́ orúkọ rẹ̀ lé.

Ọwọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ni 5017 bọ́ sí.

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí òtútù ti ń mú wọ eegun, rélùwéè kan wà láti ọdún 1891 tó ń jẹ́ Bangor and Aroostook. Pòtétò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó, bébà ló tẹ̀lé e. Nígbà tó fi di 2001, gbèsè ti mù ún dé ọrùn, ilé ẹjọ́ sì gba àkóso rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ tí Burkhardt ń darí rà á pẹ̀lú àwọn ojú irin tó so mọ́ ọn ní Vermont àti Quebec, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Montreal, Maine and Atlantic. Ọjà tí wọ́n rà ti ń jò kó tó délé. Oṣù yẹn gan-an ni Great Northern Paper ní Millinocket, oníbàárà tó tóbi jù lọ lójú irin náà, lọ sọ fún ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́.

Láti ìgbà náà, ìyà ni. Wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró. Ní 2010, wọ́n ta máìlì 233 nínú ojú irin wọn fún ìjọba ìpínlẹ̀ Maine. Èyí tó kù fún wọn kò ju bíi 500 máìlì lọ. Nígbà tó di 2012, wọ́n gba àyè lọ́dọ̀ ìjọba Kánádà láti máa fi awakọ̀ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ ẹrù ní Quebec, níbi tí méjì ti máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé bí ẹni pé Ọlọ́run ló rán an sí wọn. Wọ́n ti rí epo púpọ̀ wà jáde nínú àpáta Bakken ní North Dakota, kò sì sí páìpù tó pọ̀ tó láti gbé e. Ilé ìfọpo Irving ní ìlú Saint John, létí òkun Àtìláńtíìkì, ń fẹ́ ẹ. Canadian Pacific ń gbé e dé Montreal, Montreal, Maine and Atlantic sì ń gbà á níbẹ̀ fà á gba inú igbó Quebec àti Maine kọjá lọ sí ìlà oòrùn. Owó tí rélùwéè náà kò rí rí ni. Orí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jókòó lásán.

Inú kánjúkánjú yìí ni 5017 ti bàjẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012.

Níbi tí bẹ́árìn ọ̀pá káàmù jókòó sí nínú ẹ́ńjìnnì ni àìsàn náà wà. Ọ̀pá yìí ló ń ti fáàfù ṣí, ibẹ̀ sì ni epo ẹ́ńjìnnì ń gbà gòkè lọ rin orí sílíńdà. Àtúnṣe tó yẹ kó gbà ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ọjọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí i, irú gọ́ọ̀mù tí à ń po méjì pọ̀ tó máa ń le gbagidi bó bá gbẹ. Ó le lójú, ó le lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò ní agbára irin, kò sì lè fara da ooru àti ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 3,000. Wọ́n fún bóòtù tó dè é le jù, ibẹ̀ sì jọ̀wọ́. Epo kò gòkè dáadáa mọ́. Fáàfù gbẹ, ó bàjẹ́. Nígbà tó pẹ́, orí písítìn kan lu ihò. Epo ẹ́ńjìnnì wá ń gba ihò yìí wọ sílíńdà, ó ń bá èéfín jáde, díẹ̀ lára rẹ̀ sì ń dúró sínú tọ́bò, níbi tó gbóná gan-an nínú ẹ̀rọ náà.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wà á báyìí. Ìgbà tí ọ̀ràn fi dójú ẹ̀, ó ń tú èéfín dúdú àti funfun, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan án.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n tún fi 5017 ṣe aṣáájú. Orí ọkọ̀ 5 ni wọ́n so pọ̀: 5017 níwájú, C30-7 méjì mìíràn, àti SD40-2 méjì tí wọ́n yá. Táńkà epo rọ̀bì 72 ló wà lẹ́yìn wọn, lítà mílíọ̀nù 7.7. Gígùn gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 1,433, ìwúwo rẹ̀ ju 10,000 tọ́ọ̀nù lọ. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀ láti ìlú Farnham ló ti ń rí i pé ẹ́ńjìnnì iwájú ń dà á láàmú.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dé Nantes, ibi tí wọ́n ti máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Orí òkè ni Nantes wà. Láti ibẹ̀ lọ sí Lac-Mégantic, ìdagẹ̀rẹ̀ ni: ní gbogbo 100 mítà, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan. Ẹni tó bá ń rìn ín lẹ́sẹ̀ lè má fura. Ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí mọ̀ ọ́n.

Ó yẹ kí n sọ bí bíréèkì ọkọ̀ ojú irin ṣe ń ṣiṣẹ́. Páìpù afẹ́fẹ́ kan gba abẹ́ gbogbo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, bíréèkì gbogbo táńkà á mú lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn wà tó jẹ́ ti àwọn orí ọkọ̀ nìkan, afẹ́fẹ́ inú àgbá ló ń tì í, bí afẹ́fẹ́ bá sì ti tán, ó tú nìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn kò bá afẹ́fẹ́ ṣe rárá: kẹ̀kẹ́ irin kan wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn máa fi ọwọ́ yí, tí ṣéènì á fi fa irin mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bíréèkì ọwọ́ yìí ni òfin rélùwéè ní kí ó dá ọkọ̀ dúró bí kò bá sí èèyàn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ agbára ni. Ó ń gba kí èèyàn máa sọ̀ kalẹ̀, kó máa gòkè, láti ọkọ̀ kan dé òmíràn, nínú òkùnkùn.

Awakọ̀ náà yí 7: ti àwọn orí ọkọ̀ márààrún àti ti ọkọ̀ méjì mìíràn. Àwọn olùwádìí ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé, ó kéré tán, 17 ni yóò tó, ó sì ṣeé ṣe kó gbà tó 26. Ó dán an wò bóyá ó dúró, ṣùgbọ́n kò tú bíréèkì afẹ́fẹ́ àwọn orí ọkọ̀ nígbà tó ń dán an wò. Afẹ́fẹ́ ló di ọkọ̀ mú, òun rò pé bíréèkì ọwọ́ ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ó fi 5017 nìkan sílẹ̀ kí ó máa fún afẹ́fẹ́. Ó bá ọ̀gá kan sọ̀rọ̀ lórí bí 5017 ṣe ń ṣe, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Táksí gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tó di aago méjìlá òru ku ogún ìṣẹ́jú, ẹnì kan pe àwọn panápaná: iná ń jó lẹ́nu páìpù èéfín orí ọkọ̀ náà. Epo tó ti dúró sínú tọ́bò ló gbiná. Àwọn panápaná Nantes dé, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì pa iná náà. Ohun tó yẹ kí panápaná ṣe ni wọ́n ṣe. Wọ́n tún fi ọwọ́ pa àwọn ṣíìṣì iná inú rẹ̀ kí ó má baà gbiná mọ́. Ilé iṣẹ́ náà rán òṣìṣẹ́ kan wá bá wọn, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ títún ojú irin ṣe, tí kò mọ nǹkan nípa orí ọkọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti Farnham pé ó ti parí. Gbogbo wọn lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kankan nínú mẹ́rin tó kù.

Ibí yìí ni ọkàn mi ti máa ń dúró bí mo bá ń ka ìtàn yìí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló wà nílẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹni kan tó mọ̀ nípa wọn, tó tan ọ̀kan ṣoṣo, ì bá ti gba ìlú kan là. Ohun mìíràn tún wà: wọ́n máa ń so ẹ̀rọ ààbò kan mọ́ orí ọkọ̀ tí yóò jẹ́ kí bíréèkì gbogbo ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ bí iná inú rẹ̀ bá kú. Bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀ lára 5017 kò jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò jáde díẹ̀díẹ̀, bíi táyà tí ìṣó tín-tìn-tín gún. Kò já lójijì, nítorí náà bíréèkì àwọn táńkà kò mú. Kí aago kan òru tó lù, agbára tó kù kò lè dá ọkọ̀ náà dúró mọ́. Ó gbéra. Kò sí iná níwájú rẹ̀, kò sí fèrè, kò sí èèyàn. Ó sáré fún máìlì 7.2 nínú òkùnkùn, eré rẹ̀ sì lọ tó máìlì 65 láàárín wákàtí kan. Eré tí wọ́n gbà kí ọkọ̀ fi gba kọ́ọ̀nà àárín ìlú Lac-Mégantic kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Táńkà 63 ló dojú dé. Epo tó tó lítà mílíọ̀nù 6 dà sígboro, ó sì gbiná. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ibi ìgbafẹ́ kan tó ń jẹ́ Musi-Café sì kún fún àwọn èèyàn tó ń gbọ́ orin. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn 47 náà wà. Àwọn mìíràn ń sùn lórí ibùsùn wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú wọn. Ilé 40 ló jó run. Nǹkan bí 2,000 èèyàn ló sá kúrò nílé nínú ìlú tí kò ní ju 6,000 lọ. Awakọ̀ ọkọ̀ náà jí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì wà lára àwọn tó lọ fa àwọn táńkà tí kò tíì gbiná kúrò nítòsí iná.

Àwọn orí ọkọ̀ kò ṣubú. Wọ́n já lára àwọn táńkà, wọ́n sì sáré kọjá kọ́ọ̀nà náà títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó fi dá wọn dúró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bá 5017 tí àwọn olùwádìí sì tú u palẹ̀, wọ́n rí gọ́ọ̀mù, wọ́n rí bẹ́árìn, wọ́n rí písítìn tó lu.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ààbò ìrìnnà Kánádà gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ohun 18 ni wọ́n kà sílẹ̀ pé ó fa jàǹbá náà tàbí ó dá kún un. Àtúnṣe gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ tí kò tó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ pé ilé iṣẹ́ náà kò ka ètò ààbò sí, wọ́n sì sọ pé ilé iṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó máa yẹ̀ wọ́n wò kò ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n rí i pé epo náà tètè ń gbiná ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ẹrù lọ, àti pé irin táńkà DOT-111 tí wọ́n fi gbé e kò lágbára tó.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọdún 1979 kò sí lára ẹ̀sùn wọ̀nyẹn. C30-7 méjì tó tẹ̀ lé 5017 lọ́jọ́ náà, tòkúnbọ̀ ni wọ́n, àwọn méjì tí wọ́n yá kì í ṣe tuntun, kò sì sí èyí tó gbiná nínú wọn. Àwọn SD45 Wisconsin náà ti gbó nígbà tí wọ́n ń fi wọ́n pawó. Ohun tó sọ 5017 di apànìyàn ni ìpinnu tí èèyàn ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí owó, àti oṣù mẹ́jọ tí èéfín fi ń kígbe tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù dí bẹ́árìn orí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lánàá, ohun kan náà ni yóò ṣe.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́ ní Sherbrooke: awakọ̀, ẹni tó ń darí ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ọ̀gá tó ń ṣàkóso ìrìn ọkọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, àwọn adájọ́ aráàlú ní wọn kò jẹ̀bi ìpànìyàn nípa àìbìkítà. Kò sí mẹ́káníìkì kankan láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ìbínú àwọn ará Lac-Mégantic lórí èyí yé mi. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ lójú gbogbo ayé pé àwọn wọ̀nyí kọ́ ló yẹ kó dúró síbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà kó gbèsè rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù Kẹjọ 2013. Mílíọ̀nù 25 dọ́là péré ni ìbánigbófò rẹ̀. Owó tí wọ́n padà kó jọ fún àwọn tí jàǹbá náà kàn lé ní mílíọ̀nù 400, ọwọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó lọ́wọ́ nínú epo náà ló sì ti wá. Kó tó tó oṣù kan lẹ́yìn jàǹbá náà, ìjọba Kánádà pàṣẹ pé ọkọ̀ tó bá gbé ẹrù eléwu kò gbọdọ̀ ní òṣìṣẹ́ tó dín ní méjì, àti pé wọn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lójú irin ńlá láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ DOT-111 kúrò nínú iṣẹ́ epo rọ̀bì.

Ojú irin náà bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn ní 2014, Central Maine and Quebec. Canadian Pacific, tó ti la ọ̀nà yẹn ní bí ọdún 130 ṣáájú ìgbà náà, rà á padà ní 2020. Ìjọba àpapọ̀ àti ti Quebec fẹnu kò ní 2018 láti la ọ̀nà mìíràn tí yóò yí ìlú náà po, kí ọkọ̀ má gba àárín ìgboro mọ́. Àríyànjiyàn lórí ilẹ̀ tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àti omi kànga tó lè gbẹ ti fà á sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà.